Àwa Tí A Ń Kọ́lé fún Ẹja

Mọ́mì mi rò pé mo ti wọ ẹgbẹ́ kan ni. Wọn ò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sán Sátidé tí mo bá ti dé ilé wọn ní Àgùdà, wọ́n á wo irun mi tó tutù, wọ́n á wo ilà róbà tó yí ojú mi po bí ẹni tí wọ́n fi abọ́ tẹ̀ lójú, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á sì bu oúnjẹ fún mi láìsọ nǹkan kan.

Mọ́mì kì í sì í ṣe ẹni tí í dákẹ́. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ohùn wọn ṣì lè dá ọmọ tó ń sá kúrò ní kíláàsì dúró láti òdìkejì títì. Nítorí náà, nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ń gùn sí i, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lọ́nà.

Ó dé lóòótọ́. Wọ́n gbé ẹ̀wà àti dòdò síwájú mi, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó kọjú sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìjọ wo lò ń lọ báyìí?"

"Ìjọ wa náà ni, Mọ́mì. Ṣebí Áńgílíkà ni wá."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń rì ọ́ bọmi ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ò tíì tán ni?"

Ẹ̀rín pa mí débi pé dòdò fẹ́ há mi lọ́fun. Nígbà tí mo rí èémí mí, mo ṣàlàyé fún wọn pé kò sí wòlíì kankan níbẹ̀. Púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan ní Sùúrùlérè ni a máa ń lọ, èmi àti àwọn èèyàn díẹ̀. À ń kọ́ bí a ṣe ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, kí a lè máa mí lábẹ́ omi, kí a lè lọ wo abẹ́ òkun.

Mọ́mì tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Abẹ́ òkun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lo sọ nù síbẹ̀?"

Títí di òní, nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ti bi mí lórí eré ìdárayá mi yìí, ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi gan-an ò mọ̀wẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Àgùdà ni mí. Omi tó jìn jù tí mo ti wọ̀ rí ni àgbàrá tó máa ń bo títì wa tí òjò bá pọ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Yábàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tí a máa ń gbé fóònù àwọn oníbàárà tí áàpù wọn ò bá ṣiṣẹ́. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń bínú ni mò ń gbọ́ létí. Àǹtí kan wà tí tábìlì wa jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Àwọn náà ń gbọ́ èébú bíi tèmi, ṣùgbọ́n ojú wọn máa ń tutù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí látojú oorun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo lẹ̀ ń lò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ibi tí fóònù ò lè dún ni mo máa ń lọ ní Sátidé. Tẹ̀ lé mi."

Bí mo ṣe dé púùlù nìyẹn. Olùkọ́ wa níbẹ̀ jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó lórí pípá. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún páìpù ṣe lábẹ́ òkun kó tó gbà pé òun fẹ́ máa wọ omi fún ìgbádùn nìkan. Kì í pariwo. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, á kàn jókòó tì ọ́ létí omi, á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí ẹ̀rù náà á fi sú ọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mí lábẹ́ omi, ibi tó mù mí dé àyà lásán la wà. Olùkọ́ ní kí n fi gíláàsì oníróbà bo ojú, kí n ti róbà tí a fi ń mí bọ ẹnu, kí n kúnlẹ̀, kí n máa mí bí ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ara mi ló ń sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Mo fa èémí kan. Ó wọlé. Mo tú u síta, ó hó gùlùgùlù lẹ́bàá etí mi, ó lọ sókè. Mo tún fa òmíràn. Ìgbà náà ni mo bú sẹ́rìn-ín, omi bá ya wọ ẹnu mi, mo fò sókè pẹ̀lú ikọ́ àti ìdùnnú pọ̀.

Ohun tó yọ mí lẹ́nu jù kì í ṣe èémí. Àtàǹpàkò ni. Lábẹ́ omi, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Tí ó bá dáa, wà á fi àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka ṣe òrùka. Tí o bá wá na àtàǹpàkò sókè, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o fẹ́ gòkè. Ẹ wá sọ ìyẹn fún ọmọ Èkó. Olùkọ́ á bi mí bóyá ó dáa, èmi á na àtàǹpàkò gbọnrangandan, òun náà á gbá mi mú, ó di òkè. A máa dé òkè, á ní, "Kí ló ṣe ọ́?" Mà á ní, "Kò sí nǹkan kan, sà, ó dáa gan-an ni." A tún padà sísàlẹ̀. Àǹtí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ yẹn, ṣe ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀ bí ẹ̀rọ agbéniròkè.

Òpin ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ni olùkọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa. A jókòó sétí púùlù, à ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní tí a bá retí pé ohun rèǹtèrente la máa bá lábẹ́ òkun ní ẹ̀gbẹ́ Èkó, kí a yáa mú sùúrù. Níbi púpọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ti di pápá gbalasa. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ ti fà á mọ́, àwọn tó ń wa iyanrìn náà ti wa tiwọn. Ẹja kékeré tó bá débẹ̀ ò rí kọ̀rọ̀ kan tó lè sá sí.

"Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹja ò le," ó ní. "Kó ṣáà rí nǹkan líle tó ní ihò. Tí ẹ bá gbé e síbẹ̀, fúnra rẹ̀ ló máa wá. Ẹ ò ní í ránṣẹ́ pè é."

Ohun tó fẹ́ kí a ṣe ni pé kí a da kankéré, kí a mọ ọ́n bí igbá tí a dojú rẹ̀ delẹ̀, kí a dá ihò sí i lára, kí a sì lọ rì wọ́n sókun. Ó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó yẹ. Apá wa ló kù.

Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín nínú, torí àsìkò yẹn gan-an ni mò ń wá yàrá ní Yábàá. Mo ti bá ajẹ́ńtì wọ ilé tí ilé ìdáná rẹ̀ ò gba èmi àti ìkòkò pọ̀. Mo ti wọ èyí tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sí fèrèsé ilé kejì, tó jẹ́ pé tí aládùúgbò bá sín, èmi ni mà á ní pẹ̀lẹ́. Èmi tí mi ò rílé ló wá di kọ́lékọ́lé fún ẹja.

Ọ̀rẹ́ olùkọ́ kan yọ̀ǹda ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún wa ní Èbúté Mẹ́ta, kò jìnnà sí ojú irin. Bí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo ilẹ̀ á mì tìtì, olùkọ́ á ní ó ń bá wa mi kankéré kó lè ki dáadáa ni. Ọgbọ́n tí a fi ń dá ihò náà rọrùn. Wà á to bọ́ọ̀lù ọmọdé tí wọ́n ti fọn sínú fọ́ọ̀mù tí a fi ń mọ ọ́n, wà á da kankéré yí wọn ká, tó bá ti gbẹ, wà á tú afẹ́fẹ́ wọn, wà á yọ wọ́n, ihò á kù síbẹ̀. Ọ̀yìngbò ni èmi àti Àǹtí ti lọ ra bọ́ọ̀lù. Ìyá tó ń tà á wò bí a ṣe ń kó wọn sínú àpò, inú wọn dùn.

"Ẹ ò bá ti sọ pé jẹ́lé-ó-sinmi lẹ fẹ́ ṣí, mi ò bá kó bèbí mọ́ ọn fún yín."

"Ẹja la fẹ́ lò ó fún, mà," Àǹtí dáhùn.

"Ẹja wo ló ń gbá bọ́ọ̀lù?"

Olùkọ́ ti ní kí oníkálùkù mú ìkarahun wá, kí a máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kankéré kó tó gbẹ, torí pé ibi tó bá rí ságisági ni ohun abẹ̀mí máa ń fẹ́ lẹ̀ mọ́. Mo sọ ọ́ fún Mọ́mì lórí fóònù, mi ò tilẹ̀ ronú sí i. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbójú sókè láàrin símẹ́ǹtì, mo rí wọn tí wọ́n ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú bùbá tó mọ́ nigínnigín, àpò ìkarahun ìgbín àti ìṣáwùrú lọ́wọ́. Wọ́n ti gbà á kiri lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò tó ń se ọbẹ̀ ní Àgùdà.

Wọn ò jókòó. Wọ́n rìn yí kankéré àkọ́kọ́ tí a ti dà ká, bí ọ̀gá àyẹ̀wò tó wá sí ilé ìwé. Ihò kan ṣoṣo ló wà lára ìyẹn, torí pé a dà á kí bọ́ọ̀lù tó pọ̀ lọ́wọ́ wa.

"Ẹ kúuṣẹ́ o," wọ́n sọ fún olùkọ́. "Ẹnu ọ̀nà dà?"

"Òun nìyí, mà."

"Ọ̀kan péré? Tí ẹja ńlá bá gba iwájú wọlé, ibo ni ẹja kékeré á gbà jáde? Kì í ṣe ilé lẹ kọ́ yìí o. Pańpẹ́ ni."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí orí rẹ̀ fi ń dán. "Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ẹ wo àwọn tókù." Ó mú wọn lọ síbi tí àwọn tuntun wà, tí ihò wà lára wọn káàkiri, ńlá àti kékeré. Mọ́mì ti ọwọ́ bọ ọ̀kan, wọ́n yọ ọ́ níbòmíràn, wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ká apá bùbá wọn sókè, wọ́n ní kí n fún àwọn láyè. Ìkarahun tí Mọ́mì tẹ̀ mọ́ra kankéré lọ́jọ́ yẹn wà ní ìlà tààrà, bí akẹ́kọ̀ọ́ lórí pápá. Olùkọ́ ní kí wọ́n kàn fọ́n ọn ká. Wọ́n ní ẹni tí kò bá mọ ètò ló ń fọ́n nǹkan ká.

Ọjọ́ tí a máa lọ rì wọ́n, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wọn kọjá ní Costain lọ sí èbúté, èmi àti olùkọ́ jókòó síwájú pẹ̀lú dírẹ́bà. Oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan sún mọ́ wa níbi tí iná ti dá wa dúró. Ó wo àwọn igbá kankéré náà, ó wo ojú wa.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rù yìí?"

"Ilé ẹja," olùkọ́ dá a lóhùn.

"Há! Ẹja ti nílé lórí, èmi ṣì wà lọ́dọ̀ bùọ̀dá mi!"

Mọ́mì dúró dè wá ní èbúté. Wọ́n ní àwọn ò ní í wọ ọkọ̀ ojú omi kankan láyé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní kí àwọn má gbàdúrà. Wọ́n di ojú, wọ́n ní, "Olúwa, jẹ́ kí ẹja rí i. Jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí padà dé." A ṣe àmín, a sì lọ.

Lójú òkun, kírénì kékeré tó wà lórí ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ tó gbé wa ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ lọ wẹ́rẹ́, àfi ọ̀kan tí okùn rẹ̀ yọ̀ kó tó délẹ̀. Olùkọ́ wọ omi lọ wò ó. Nígbà tó jáde, ó ní igbá náà ti dojú kọ òkè sàn-án, bí abọ́ tó ń dúró de ọbẹ̀. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀, torí èyí tí èmi fọwọ́ mi pò ni. Olùkọ́ ní kí n fi ẹja sílẹ̀, ẹja kì í ka ìwé ìtọ́nisọ́nà.

Òjò wá dé. Omi di àwọ̀ tíì tó ní mílíìkì, kò sí ẹni tó lè wọ ibẹ̀ kó rí nǹkan. Mo rí yàrá kan níkẹyìn nítòsí ibi iṣẹ́, mo kó síbẹ̀. Mo ń gbé fóònù, mò ń gba èébú, mò ń lọ púùlù. Nígbà tí ọyẹ́ fẹ́ wọlé, tí omi òkun bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, olùkọ́ pè wá.

Mi ò lè purọ́, ẹ̀rù bà mí. Púùlù ní ògiri, òkun ò ní. A jókòó sétí ọkọ̀, a fi ẹ̀yìn ṣubú sómi bó ṣe kọ́ wa, mo sì di okùn tí a ta láti òkè dé ìsàlẹ̀ mú, mò ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi náà rí bí àwọ̀ ewé. Mo wo ìsàlẹ̀, mi ò rí ilẹ̀. Mo wo òkè, ọkọ̀ ti di òjìji. Olùkọ́ yípo kọjú sí mi, ó fi ọwọ́ ṣe òrùka: ṣé ó dáa?

Mo na àtàǹpàkò sókè.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló gbá apá mi mú, a ti ń gòkè. Mo mi orí, mo ju ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo wá rántí, mo ṣe òrùka pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo rí ojú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì. Ẹ̀rín yẹn ló lé ẹ̀rù mi lọ. A padà sísàlẹ̀.

Kí n tó rí nǹkan kan, mo gbọ́ ọ. Ó ń ta pàpàpà, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da àkàrà sínú epo gbígbóná. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, títí ó fi yí mi ká. Olùkọ́ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn edé kéékèèké ni, èékánná wọn ni wọ́n fi ń ta bẹ́ẹ̀. Ó ní pápá gbalasa kì í dún. Tó bá ti ń dún, àlejò ti dé.

Lẹ́yìn náà ni àwọn igbá wa yọ nínú omi, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Mi ò kọ́kọ́ dá wọn mọ̀. Wọ́n ti wọ ẹ̀wù. Nǹkan bí irun, nǹkan bí kànìnkànìn, pupa, àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ewé, ti bò wọ́n lára. Ẹja pẹlẹbẹ kéékèèké tó ní ilà dúdú ń wọlé, wọ́n ń jáde. Alákàn kan na èékánná sí mi láti inú ihò. Mo lọ síbi èyí tó dojú kọ òkè: inú rẹ̀ ló kún jù. Ẹja wẹ́wẹ́ tó ń dán bí abẹ́rẹ́ pé jọ sínú rẹ̀, wọ́n kọjú sí ibì kan náà, wọn ò mira.

Mo sún mọ́ ihò kan láti wo inú rẹ̀. Ẹja kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi jáde síta, ó dojú kọ mí, ó ta lu gíláàsì ojú mi. Mo sún sẹ́yìn. Ó tún tẹ̀ lé mi. Ojú tó fi wò mí, mo mọ ojú yẹn dáadáa. Ojú láńlọ́ọ̀dù ni. Kò pẹ́, kúta gígùn kan, ẹja tó ń pa ẹja jẹ, kọjá jẹ́ẹ́ bí ọ̀bẹ, gbogbo àwọn kékeré wọ̀nyẹn sì wọ ihò wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ríbi sá sí. Ojú ara mi ni mo fi rí i. Mo sunkún díẹ̀ lábẹ́ òkun, inú gíláàsì mi tutù, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Fídíò tí Àǹtí yà lábẹ́ omi lọ́jọ́ yẹn ni mo fi han Mọ́mì. Wọ́n wò ó pẹ̀lú ìgò ojú, wọ́n wò ó láìsí ìgò ojú. Wọ́n ní kí n yí ohùn rẹ̀ sókè.

"Àwọn edé ló ń dún báyìí?"

"Àwọn ni, mà."

"Kò dún tó. Èmi náà fẹ́ wọbẹ̀."

Mo rò pé eré ni. Ní Sátidé, wọ́n ti dúró létí púùlù kí n tó dé, wọ́n ti lọ rí dókítà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe ní kí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n pè é láìsọ fún mi. Wọ́n wọ ṣòkòtò dúdú àti ẹ̀wù olọ́wọ́ gígùn, wọ́n fi fìlà róbà bo irun. Olùkọ́ mú wọn lọ síbi tí omi ò ti jìn, ó jókòó tì wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

"Mi ò mọ bọ́ọ̀lù," ni Mọ́mì sọ. "Gbé róbà yẹn wá."

Wọ́n kúnlẹ̀. Orí wọn wọmi. Èmi dúró síbẹ̀, ọwọ́ lórí àyà. Afẹ́fẹ́ hó sókè, ó dáwọ́ dúró, ó tún hó. Lẹ́yìn náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn kan láti abẹ́ omi, ó ń kùn húùnhúùn nínú róbà. Àǹtí yí sí mi: "Ṣé orin ni Mọ́mì ń kọ?" Orin ni. Orin ìyìn àárọ̀ Sunday ni. Wọ́n kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò fo ẹsẹ kankan. Olùkọ́ fi àtàǹpàkò bi wọ́n bóyá kí wọ́n gòkè, wọ́n ju ọwọ́ rẹ̀ nù.

Nígbà tí wọ́n jáde níkẹyìn, ilà róbà ti yí ojú wọn po. Mo fi táwẹ̀lì bò wọ́n.

"Kí lẹ gbọ́, Mọ́mì?"

Wọ́n ń mí díẹ̀díẹ̀. "Èémí ara mi ni. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń lò ó, mi ò gbọ́ ọ rí."

Wọn ò tíì wọ òkun, dókítà ò sì fẹ́ kí wọ́n jìn jù. Ṣùgbọ́n wọ́n ròyìn ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, bóyá pẹ̀lú àbùmọ́ díẹ̀. Nígbà tí mo dé púùlù ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn màmá mẹ́ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àpò wọn, Mọ́mì sì dúró níwájú wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe òrùka. Ọ̀kan nínú wọn gbé ojú sókè wo olùkọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè ró ìró wọ inú omi yìí?"

Olùkọ́ wò mí. Èmi lọ kó táwẹ̀lì wá.